Ta Ló Ni Àwòrán Ojú Wa Tí Ẹ̀rọ Ẹnu Ọ̀nà Ń Yà?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ẹ́sítéètì tí a ń gbé l'Ékòó, wọ́n ní kí tọmọdé tàgbà wá tẹ̀ka, kí a ya ojú wa, kí a sì fi nọ́ńbà NIN sílẹ̀, kí géètì tuntun lè máa dá wa mọ̀. Nígbà tí mo béèrè ibi tí wọn yóò kó o pamọ́ sí, wọ́n ní kí ni mò ń bò mọ́lẹ̀. Ṣé mo jẹ̀bi ni? Ìyá Ìbejì, Èkó.

ÌDÁHÙN: Ẹ kò jẹ̀bi rárá, Ìyá Ìbejì. Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú, Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 sì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ń gba ìsọfúnni nípa ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, kò sì gbọdọ̀ gbà ju ohun tí iṣẹ́ náà nílò lọ. Òfin yìí ka ojú àti ìka sí ìsọfúnni ẹlẹgẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí kọ́kọ́rọ́ tó sọnù ṣeé pààrọ̀, ìka ọwọ́ kò ṣeé pààrọ̀. Èmi kò lòdì sí géètì tó le, nítorí olè wà. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a máa gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn láìdá a lóhùn.

Irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn rí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, iléeṣẹ́ Sidewalk Labs, tí òun àti Google jọ wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ńlá Alphabet, kéde pé òun yóò kọ́ àdúgbò Quayside ní ìlú Toronto, lórílẹ̀-èdè Kánádà, níbi tí ẹ̀rọ yóò ti máa ka ìrìn ènìyàn àti ti ọkọ̀. Ann Cavoukian, tó ti jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ àṣírí rí ní Ontario, ìpínlẹ̀ tí Toronto wà, ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí ẹ̀rọ yọ ohunkóhun tó lè fi ẹni tó ń kọjá hàn kúrò lójú ẹsẹ̀ tó bá ti gbà á. Nígbà tó hàn pé wọn kò ní sọ ọ́ di dandan fún àwọn iléeṣẹ́ mìíràn, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 2018. Àwọn ará ìlú ń bá àtakò lọ títí iléeṣẹ́ náà fi pa ètò náà tì ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, àmọ́ ọ̀rọ̀ ajé tí kò dúró sójú kan ni wọ́n sọ pé ó fà á.

Nítorí náà, ẹ fi lẹ́tà béèrè lọ́wọ́ àwọn alákòóso yín: iléeṣẹ́ wo ló ni ẹ̀rọ náà, àwọn wo ló lè rí àwòrán yín, ìgbà wo ni wọn yóò sì pa á rẹ́ bí ẹ bá kó kúrò níbẹ̀? Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní káàdì dípò ìka. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ kọ̀wé sí Àjọ Ààbò Dátà, NDPC. Ní ti àwọn ọmọ yín, òbí ni òfin ní kí ó fọwọ́ sí ti ọmọdé. Bí ẹ kò bá tíì fọwọ́ sí i, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ya ojú wọn.