Ogun tó kan gbogbo ilé àti ogun tí a kàn ń wò

Ẹnì kan béèrè pé kí ló fà á tí ogun àgbáyé kejì fi wọ gbogbo ilé ní Amẹ́ríkà, tí ogun Ìráàkì àti ti Afghanistan sì kọjá lọ bí ẹni pé ìlú mìíràn ló ń jà á, nígbà tó jẹ́ pé àwa ni fóònù wà lọ́wọ́ wa tí a fi ń rí gbogbo rẹ̀ kedere. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tójú mi rí. Ṣọ́jà Amẹ́ríkà ni ọkọ mi. Ó lọ sí Ìráàkì, èmi àtàwọn ọmọ ń retí rẹ̀ nílé. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo ń ṣe nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn màmá tó wà lábẹ́ ìtọ́jú mi ló sì jẹ́ pé ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni wọ́n lásìkò ogun tiwọn.

Mo máa ń bi wọ́n léèrè torí mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe fara dà á. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìbọn àti bọ́ǹbù ni wọ́n máa sọ fún mi. Ṣúgà ni wọ́n ń sọ. Táyà mọ́tò, bàtà, epo pẹtiróòlù. Láti 1942 ni ìjọba ti ń fi kúpọ́ọ̀nù pín nǹkan fún aráàlú, oṣù kejì ọdún yẹn gan-an sì làwọn ilé iṣẹ́ ṣíwọ́ mọ́tò ṣíṣe fún títà, ohun ìjà ni wọ́n gbájú mọ́. Màmá kan fi ọwọ́ rẹ̀ tó ti ń gbọ̀n ṣàpèjúwe fún mi bó ṣe máa ń sẹ́ ọ̀rá tó bá ṣẹ́kù nínú páànù ìdáná: á ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́nu agolo, á máa dà á díẹ̀díẹ̀ kí èérún ẹran má baà bọ́ sí i, á wá gbé e lọ fún alápatà. Alápatà á wọ̀n ọ́n, á sanwó fún un. Inú ọ̀rá yẹn ni wọ́n ti ń yọ èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ohun abúgbàù. Ọkọ rẹ̀ wà lójú ogun, òun wà nídìí ààrò, ó sì dá a lójú pé iṣẹ́ kan náà làwọn jọ ń ṣe.

Gbogbo àdúgbò ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wọṣẹ́ ológun tó mílíọ̀nù 16, nínú orílẹ̀-èdè tí èèyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 140 lọ. Ilé tí ọmọ rẹ̀ bá lọ á gbé àsíá kékeré tó ní ìràwọ̀ búlúù kọ́ ojú fèrèsé. Bọ́mọ náà bá kú, wọ́n á fi ìràwọ̀ oníwúrà rọ́pò rẹ̀, ẹni tó bá ń kọjá lọ á sì mọ̀. Àìsàn tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo Ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ìgbà tiwa ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ní kẹ́nikẹ́ni yááfì nǹkan kan. Láti 1973 ni wọn kò ti fi òfin mú èèyàn wọṣẹ́ ológun mọ́, ẹni tó bá fẹ́ ló ń lọ, àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà kò sì tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún. Owó orí tí wọ́n máa ń fi kún nígbà ogun, wọ́n dín in kù ní 2001, wọ́n tún dín in kù ní 2003 tí wọ́n wọ Ìráàkì. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2007, mo ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà tí tẹlifíṣọ̀n sọ pé oṣù 12 tí àwọn ṣọ́jà ń lò lọ́hùn-ún ti di 15. Mo jókòó sílẹ̀. Ìpolówó ọjà ni wọ́n gbé sí i tẹ̀ lé e.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ fóònù yẹn. Ní ti àwọn màmá wọ̀nyẹn, lẹ́tà máa ń pẹ́ lọ́nà, tẹligíráàmù ikú sì lè dé ṣáájú lẹ́tà tí olóògbé fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ọkọ tèmi lè pè mí lálẹ́, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete, kó tún bá ọmọ yanjú iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹni tí kò sí níbẹ̀ á rò pé ara dẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́jà kan bá kú lágọ̀ọ́ wọn, àwọn ọ̀gá á pa íntánẹ́ẹ̀tì àti fóònù gbogbo àgọ́ náà títí wọ́n á fi sọ fún ẹbí ẹni tó kú. Bí ibẹ̀ bá ti dákẹ́ lójijì, àwa ìyàwó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, a ò kàn mọ ọkọ ta ni. A ó máa pe ara wa: “Ìwọ ńkọ́, ó ti pè ẹ́?” Ojú mi ò ní kúrò lójú fèrèsé, mò ń ṣọ́ bóyá mọ́tò kan máa dúró, kí ṣọ́jà méjì tó múra gírígírí bọ́ sílẹ̀. Bí ìpè bá wá wọlé, ọkàn mi á balẹ̀, mo sì mọ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà pé ilẹ̀kùn ẹlòmíràn ni wọ́n lọ kàn. Bílẹ̀ bá mọ́ tí mo débi iṣẹ́, ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ á bi mí bóyá mo wo eré alẹ́ àná. N kì í bínú sí i. Níbo ni ì bá ti gbọ́?

Ogun Vietnam tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ kó yé mi pé kì í ṣe àwòrán ló ń mú kí ogun dun aráàlú. Òótọ́ ni pé wọ́n ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1969, ohun tí wọ́n ń wò ni bí wọ́n ṣe ń fa ọjọ́ ìbí àwọn ọmọkùnrin yọ nínú ìgò kan, láti mọ àwọn tí wọ́n máa kọ́kọ́ pè sí iṣẹ́ ológun. Ìyá wo ló máa pa tẹlifíṣọ̀n yẹn kó lọ sùn?

Àwọn kan á ní ìgbà àtijọ́ ló dáa jù. N kò gbà. Ìgbà yẹn náà ni wọ́n kó nǹkan bí 120,000 èèyàn ìran Japan sí àgọ́, tó sì jẹ́ pé ọmọ Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ wọn. Ó di 1943 kí wọ́n tó gbà kí ìwé ìròyìn gbé àwòrán òkú ṣọ́jà Amẹ́ríkà jáde. Wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún ìran tiwa náà: láti 1991 di 2009, wọn kò gbà kí oníròyìn ya àwòrán pósí àwọn ṣọ́jà tó ń dé sí Dover, ibùdó ọkọ̀ òfuurufú ológun tí wọ́n ń gbé òkú wọn gbà wọlé.

Kì í sì í ṣe ìgbà tí wọ́n bí èèyàn sí ló fa ìyàtọ̀ náà. Ẹ wo àwọn ará Ukraine láti 2022. Fóònù tí wọ́n fi ń wo fídíò ló tún ń ké sí wọn pé bọ́ǹbù ń bọ̀, ẹ sá wọ abẹ́ ilẹ̀. Òfin de ọ̀pọ̀ ọkùnrin wọn pé wọn ò gbọ́dọ̀ jáde kúrò lórílẹ̀-èdè wọn. Ọmọ ayé òde òní ni wọ́n bíi tiwa, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn sún mọ́ ti àwọn màmá tí mo tọ́jú ju tèmi àti aládùúgbò mi lọ.

Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí tún béèrè bóyá àwòrán àwòjù ló sọ wá di ọ̀dájú. Ohun tí mo rí kò jọ bẹ́ẹ̀. Bàbá kan wà lódìkejì títì wa tó máa ń wo ìròyìn Ìráàkì lálaalẹ́, kò mọ̀ pé ẹnì kan ládùúgbò ní ọkọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo fẹnu ara mi sọ fún un, ojú tì í pé òun kò mọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, òun ló ń gé koríko iwájú ilé wa, kò sì fi í sílẹ̀ títí ọkọ mi fi dé.