Lógò hàn lójú kọ̀ǹpútà, bọ́ọ̀dù dé, kò sí níbẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. KiCad, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ya bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ, ni mo fi ya bọ́ọ̀dù mi. Mo gbé àwòrán lógò mi sí i, PNG ni, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ki USB bọ̀ ọ́ ni mo gbé e sí, ó jókòó dáadáa, mo tiẹ̀ ya ojú kọ̀ǹpútà ní fọ́tò fi han àwọn ọ̀rẹ́ mi. Bọ́ọ̀dù wá dé báyìí, gbogbo ẹ̀ ló pé àfi lógò. Ibẹ̀ ṣófo, àwọ̀ ewé lásán. Mo pe àwọn tó ṣe é, wọ́n ní kò sí lógò kankan nínú fáìlì tí mo fi ránṣẹ́, èmi sì fojú ara mi rí i! Ta ló ń parọ́ nínú wa?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó parọ́, àbúrò. Láti KiCad 7 tó jáde ní 2023 ni wọ́n ti fún wa láyè láti gbé àwòrán sójú bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n àwòrán àwòkọ lásán ni yẹn o, kéèyàn lè máa wò ó fi ya nǹkan tiẹ̀, bí ọmọdé ṣe máa ń tẹ́ bébà fẹ́lẹ́ lé àwòrán kó tó fi pẹ́ńsù tọ ojú ẹ̀. Kì í bá Gerber, fáìlì tí wọ́n fi ń ṣe bọ́ọ̀dù, jáde rárá. Gerber yìí nìkan sì làwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù ń rí, wọn ò rí ojú kọ̀ǹpútà ẹ.

Gerber ò mọ fọ́tò, ibi tọ́rọ̀ wà nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń fi iná yàwòrán sórí fíìmù ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é látijọ́, iná yẹn á tàn á máa fàlà lọ, tàbí kó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan kó fi àmì sílẹ̀ kó kọjá, ó parí. Títí dòní, ìlà àti ojú tí wọ́n kùn dí ló mọ̀, kò mọ búlúù, kò mọ pupa, eérú gan-an kò mọ̀ ọ́n. Yálà inki wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Torí náà lógò ẹ gbọ́dọ̀ di igun àti ìlà kó tó lè débẹ̀.

Ojú wíńdò àkọ́kọ́ tí KiCad máa ń ṣí, níbi tó o ti ń ṣí pùrójẹ́ẹ̀tì, wàá rí Image Converter níbẹ̀. Gbé PNG ẹ sínú ẹ̀, fa threshold síwá sẹ́yìn títí tí dúdú àti funfun máa fi yàtọ̀ síra kedere, kọ ìwọ̀n tó o fẹ́ ní milímítà, mú footprint (àwòrán tó ń jókòó sójú bọ́ọ̀dù bíi ti páátì), mú F.Silkscreen (léyà inki iwájú bọ́ọ̀dù), kó o wá kó o sí clipboard. Padà sójú bọ́ọ̀dù, Ctrl+V, ó ti dé nìyẹn. Tó o bá rí G*** tó tẹ̀ lé e wá, má jáyà, orúkọ tí ẹ̀rọ fún un ni, fi pamọ́ kí wọ́n má lọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ lógò. Èmi náà ti gba bọ́ọ̀dù tí G*** wà láàárín lógò ẹ̀ gbàgà, gbogbo ẹni tó rí i ló ń bi mí pé kí ni ìtumọ̀ ẹ̀.

Kó o tó tún fi nǹkan kan ránṣẹ́, jọ̀ọ́, fi GerbView ṣí fáìlì Gerber yẹn. Inú KiCad náà ló wà. Ohun tó o bá rí níbẹ̀ ni wọ́n máa ṣe, ohun tó ò bá rí níbẹ̀, má retí ẹ̀.

Ìbéèrè: Èmi lo Image Converter ní tèmi o, àmọ́ lógò tó jáde tóbi ju bọ́ọ̀dù lọ ní ìlọ́po méjì! Mo wá fún un kéré, gbogbo ìlà tín-ín-rín inú ẹ̀ wá pòórá nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Píksẹ̀lì 1200 ni fífẹ̀ àwòrán yẹn, milímítà 20 ni mo fẹ́.

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà sí i, ọ̀pọ̀ kì í kọ ọ́. DPI, ìyẹn iye píksẹ̀lì tó wà nínú íńṣì kan, ló fa ti àkọ́kọ́. Tí ẹ̀rọ bá ka píksẹ̀lì 1200 sí DPI 300, íńṣì 4 nìyẹn, milímítà 101.6. Kó tó lè di milímítà 20, ẹ pín 1200 sí 20, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 25.4 torí iye milímítà tó wà nínú íńṣì kan nìyẹn, DPI 1524 lẹ máa rí. Tàbí kẹ́ ẹ kàn kọ milímítà 20 síbẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kí òun fúnra ẹ̀ ṣe ìṣirò, KiCad tuntun gbà bẹ́ẹ̀.

Ti ìlà tó pòórá yìí ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, torí kò sí sọ́fítíwíà tó lè gbà yín níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kì í fẹ́ kí ìlà inki tẹ́ẹ́rẹ́ ju nǹkan bíi milímítà 0.15 lọ. Ẹ wá wò ó, píksẹ̀lì 1200 fún ara wọn pọ̀ sínú milímítà 20, ìlà tó bá jẹ́ píksẹ̀lì 4 ti di 0.067, kò tiẹ̀ tó ìdajì ohun tí wọ́n fẹ́. Píksẹ̀lì 9 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dé 0.15. Nítorí náà kẹ́ ẹ lọ mú kí àwọn ìlà yẹn nípọn, kẹ́ ẹ yọ òjìji kúrò, kẹ́ ẹ yọ lẹ́tà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ lógò kúrò, ta ló fẹ́ kà á lórí bọ́ọ̀dù? Lẹ́tà tí ò bá ga tó milímítà 1, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Tó bá sì jẹ́ JPEG lẹ ní, ẹ wá PNG tàbí SVG ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ya lógò, torí JPEG máa ń ní eruku eérú létí gbogbo ìlà, threshold á wá sọ eruku yẹn di àbàwọ́n.

Ìbéèrè: SVG ni mo lò, mo gba ibi File, Import, Graphics. Àwòrán wọlé, àmọ́ orúkọ tó wà lábẹ́ ẹ̀ ò wọlé.

Ìdáhùn: KiCad kì í ka ọ̀rọ̀ inú SVG, àwòrán nìkan ló ń kà. Ẹ ṣí i nínú Inkscape, sọ́fítíwíà ìyàwòrán, ẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ tẹ Shift+Ctrl+C kó di path, ìyẹn ìlà lásán, ẹ wá tọ́jú ẹ̀ sí fáìlì mìíràn torí ẹ ò ní lè tún ọ̀rọ̀ yẹn kọ mọ́ lẹ́yìn náà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí bọ́ọ̀dù tí lógò ẹ̀ ń dán bíi góòlù. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, ṣé inki góòlù ni?

Ìdáhùn: Kì í ṣe inki o, bàbà ara bọ́ọ̀dù gan-an ni, wọ́n kàn ṣí ọ̀dà tó bò ó kúrò ni, wọ́n wá fi góòlù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bò ó lójú. ENIG ni orúkọ ìbòjú góòlù yẹn, òun lẹ máa bèèrè lọ́wọ́ wọn, tó bá jẹ́ HASL, irú ìbòjú mìíràn, á dán bíi fàdákà ni. F.Mask ni léyà tó ń ṣí ọ̀dà yẹn, òdì ló sì ń ṣiṣẹ́, ohun tẹ́ ẹ bá yà síbẹ̀ ni ibi tí ọ̀dà ò ní sí.

Àwọn kan á ya lógò lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan sí F.Cu tó jẹ́ léyà bàbà iwájú, ọ̀kan sí F.Mask, wọ́n á gbé e lé ara wọn, ó dáa, àmọ́ wáyà tó bá gba abẹ́ lógò yẹn kọjá á gan mọ́ ọn, DRC, ohun tó ń wá àṣìṣe nínú KiCad, á sì pariwo. Ní tèmi o, mo máa ń wá ibi tí bàbà ground ti tẹ́ pẹrẹsẹ ni, mo wá gbé lógò F.Mask nìkan lé e lórí. Kò sí bàbà tuntun, kò sí wáyà tó máa gan, lógò á kàn ṣí nínú àwọ̀ ewé bí ìgbà tí wọ́n gé fèrèsé sí ògiri.

Ìbéèrè: Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ṣe Update PCB from Schematic ni lógò mi ń sá lọ. Ó ti sú mi. Èyí tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù náà tún kọ ojú sódì.

Ìdáhùn: Kò ní símbọ́ọ̀lù kankan nínú schematic, ìyẹn àwòrán bí àwọn páátì ṣe so mọ́ra, ìdí nìyẹn tí KiCad fi ń lé e. Yọ àmì kúrò níwájú Delete footprints with no symbols, tàbí kó o ṣí properties lógò yẹn kó o mú Not in schematic. Bó o ṣe wà níbẹ̀, mú àwọn tó ń yọ ọ́ kúrò nínú BOM (ìwé páátì tí wọ́n máa rà) àti position file (ìwé ibi tí páátì kọ̀ọ̀kan máa jókòó) náà, torí àwọn tó ń bá mi to páátì sórí bọ́ọ̀dù ti kọ̀wé sí mi rí pé àwọn ò rí páátì tó ń jẹ́ LOGO rà níbì kankan.

Ti ẹ̀yìn yẹn, F lo tẹ̀ àbí? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iwájú lo ti ń wò ó, ó gbọ́dọ̀ kọ ojú sódì ni. Má yí i padà nínú Inkscape o! Lọ sí View, mú Flip Board View, wàá rí i pé ó ń kà geere.