Àtúnṣe fíìmù adẹ́rùbani àti ti àkọ́kọ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá àwọn fíìmù adẹ́rùbani tí wọ́n ń tún ṣe lóde òní tó ti àkọ́kọ́. Lójú tèmi, púpọ̀ nínú wọn kò tó o. Ní 1998, olùdarí fíìmù Gus Van Sant fẹ́rẹ̀ẹ́ da «Psycho» ti olùdarí Alfred Hitchcock (1960) kọ ní ìran dé ìran, síbẹ̀ ẹ̀rù kò bà mí rárá. Ṣùgbọ́n John Carpenter, nínú «The Thing» ti 1982, kò da fíìmù àkọ́kọ́ ti 1951 kọ: ẹ̀dá abàmì inú fíìmù tirẹ̀ lè di ẹnikẹ́ni, débi pé nígbà tí wọ́n ń ki wáyà gbígbóná bọ inú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tí kì í ṣe ènìyàn mọ́, èémí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró.