Èsì: Kí ló ń pa sẹ́ẹ̀lì inú òkùnkùn?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ so porphyrin (èròjà aláwọ̀ tó ń pa sẹ́ẹ̀lì bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án) mọ́ oògùn jẹjẹrẹ kan, àmọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ẹ kò tan iná sí náà ń kú.

Mo fẹ́ bi yín: ṣé iná àjà yàrá ń tàn nígbà tí ẹ ń da oògùn sínú àwo? Porphyrin kì í dúró de iná tí ẹ pèsè sílẹ̀ fún un. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti kàn án, pàápàá èyí tí gígùn ìgbì rẹ̀ sún mọ́ 400 nm (ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò), yóò gbà á, yóò sì sọ ọ́síjìn ìtòsí rẹ̀ di oró. Ẹ fi fọ́ìlì wé ìgò àti àwo, kí ẹ sì dín iná yàrá kù.

Ohun tí mo fura sí jù ni oògùn tí kò so mọ́ porphyrin tó ṣẹ́kù sínú èyí tí ẹ so pọ̀, torí òun kò nílò iná kó tó pa sẹ́ẹ̀lì. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Lórí TLC (àwo pẹlẹbẹ tí a fi ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀), lábẹ́ iná UV, porphyrin ń tàn pupa, àmọ́ àmì dúdú kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí mo ti fojú fò dá. Oògùn lásán ni! Ẹ tún un fọ̀ mọ́, kí ẹ sì fi HPLC (ẹ̀rọ tó ń ya àwọn èròjà sọ́tọ̀, tó sì ń wọn ìwọ̀n wọn) yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ bá tún un ṣe, ẹ fi porphyrin nìkan, oògùn nìkan, àti méjèèjì tí ẹ kàn pò pọ̀ láìso wọ́n, sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ẹ so pọ̀, nínú òkùnkùn àti nínú ìmọ́lẹ̀. Kí ìwọ̀n DMSO (omi tí a fi ń yọ́ oògùn) inú gbogbo wọn dọ́gba o.