Kí Olúmọ rí bàìbàì, kí etí gèlè má bà jẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Abẹ́òkúta ni mo wà, mo ń fi Blender, ètò kọ̀ǹpútà fún àwòrán 3D, ṣe fíìmù kàtúùnù. Ìyá aládìrẹ kan jókòó ní Ìtòkú, àpáta Olúmọ ń yọ lẹ́yìn rẹ̀. Mo fẹ́ kí àpáta náà rí bàìbàì. Mo fi Defocus, irinṣẹ́ tó ń sọ àwòrán di bàìbàì, ṣe é ní compositing, ìyẹn ibi tí a ti ń tún àwòrán ṣe lẹ́yìn réńdà (ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ti ya àwòrán jáde tán), àmọ́ àwọ̀ gèlè ìyá náà ń ràn mọ́ àpáta. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú làálàá. Compositing tí o yàn dára, torí o lè dín bàìbàì náà kù tàbí kí o fi kún un láìtún réńdà. Ibi tí wàhálà ti wá ni pé àwòrán kan ṣoṣo lo kó fún Defocus. Z pass ló ń sọ fún Defocus bí nǹkan ṣe jìnnà sí kámẹ́rà tó, ohun tó wà níwájú nìkan ló sì mọ̀. Apá ibi tí gèlè bò lára Olúmọ kò sí nínú àwòrán rárá. Nígbà tí Defocus bá fẹ́ po àwọ̀ àpáta pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, gèlè ló máa bá níbẹ̀, òun náà ló máa bù.

Pín in sí View Layer méjì, ìyẹn ìpele tí a ń réńdà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyá àti àdìrẹ rẹ̀ nìkan ni kó wà nínú ọ̀kan. Tan Transparent kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Nínú èkejì, mú ìyá kúrò, kí Olúmọ àti àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà hàn láìsí ohun tó dí wọn. Má lo Holdout fún ìyá náà o, ihò ló máa dá síbẹ̀. Tó bá jẹ́ Cycles, ọ̀kan nínú ẹ̀rọ réńdà Blender, lo ń lò, Indirect Only ni kí o tẹ̀ sórí collection (àpò tí a kó nǹkan jọ sí) ìyá náà: òun á pòórá, òjìji rẹ̀ á kù nílẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé nìyẹn, tí ẹni tó jókòó á fi dà bí ẹni tó léfòó. Fún Defocus ní ẹ̀yìn yìí nìkan, kí o wá fi Alpha Over gbé ìyá lé e.

OpenEXR 32-bit, irú fáìlì àwòrán kan, ni kí o fi tọ́jú Z pass. Tan Use Z-Buffer lára Defocus, kí Focus Distance kámẹ́rà sì bọ́ sójú ìyá náà. fStop ni nọ́ńbà tó ń pinnu bí bàìbàì ṣe máa pọ̀ tó: tó bá wà ní 128, kò sí bàìbàì kankan. Bí o bá gé e sí ìlàjì, bàìbàì á di ìlọ́po méjì. Rọra máa gé e. Bí bàìbàì bá pọ̀ jù lára nǹkan ńlá, ojú á gbà pé nǹkan kékeré tó wà nítòsí ni. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá wò ó gbọ́dọ̀ ṣì mọ̀ pé Olúmọ ni.