"Jésù tó": "tó" wo la ń sọ níbẹ̀?

Àbúrò wa kan ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, ló fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí mi. Ó ní àwọn ìjọ mélòó kan ládùúgbò wọn fẹ́ gbàdúrà pọ̀ nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, lọ́sẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìṣọ̀kan àwa Kìrìsìtẹ́nì, 18 sí 25, èyí tó ti wà láti 1908. Àwọn Àgùdà ń bọ̀, àwọn Mẹ́tọ́díìsì ń bọ̀, àwọn Sẹ̀lẹ́ náà ní àwọn á wá, wọ́n sì fẹ́ kọ "Jésù tó" sára aṣọ funfun gbọọrọ kan tí wọ́n máa ta síwájú. Ibi tí wọ́n ti ń jíròrò ẹ̀ ni ọ̀dọ́ kan ti dìde pé tí Jésù bá tó, kí la tún ń wá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun á jókòó sílé òun pẹ̀lú Bíbélì òun. Bàbá àgbàlagbà kan náà ní ọ̀rọ̀ yẹn ò pé lẹ́nu, pé ó tó kí ni? Òun ni àbúrò fi wá bi mí pé "Ẹ̀gbọ́n, kí ni 'tó' yẹn túmọ̀ sí gan-an, ṣé ó sì lè kó wa jọ lóòótọ́ àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni?"

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ kékeré ni "tó", lẹ́tà méjì péré, àmọ́ kò sọ́jọ́ tí kì í jáde lẹ́nu wa. Bí oníbàárà bá ka owó tán tí ọlọ́jà ní "ó tó", kò ku kọ́bọ̀ nìyẹn. Bí ọmọ kékeré bá nawọ́ sí ìkòkò ẹran tí kò bá a, a ní ọwọ́ ẹ̀ ò tó o. Bí ẹni méjì bá ń jà tí ọ̀kan ní "ṣé o tó mi ni?", ìdọ́gba lọ̀rọ̀ yẹn, òun náà ló wà nínú òwe pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà kò lè ní àkísà tó àgbà. Tá a bá wá sọ ọmọ ní Olúwatósìn tàbí Olúwatóyìn, ohun tá à ń sọ ni pé Olúwa yẹ lẹ́ni à ń sìn, ó yẹ lẹ́ni à ń yìn, tá a bá sì pè é ní Olúwatófúnmi, mi ò wá òmíràn mọ́ nìyẹn, mo ti yó. Gbogbo ẹ̀, "tó" kan náà ni. Pípé, dídé, ìdọ́gba, yíyẹ, ẹnu wa kó gbogbo ẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mo sì gbà pé ìdí nìyẹn tí gbólóhùn yẹn fi wọ àwọn àgbà wa lára tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ bàbá tó ní ọ̀rọ̀ náà ò pé yẹn, ó mọ Yorùbá. Tá a bá kọ "Jesu to fun wa" láìfi àmì sí i, bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ lórí fóònù, ẹlòmíì á kà á bíi "Jésù tí ó fún wa", á wá máa dúró de ìyókù, kí ló fún wa? torí "tí ó" la sábà máa ń gé kúrú sí "tó". Ẹlòmíì á kà á sí "tọ́", pé Jésù tọ́, kò wọ́. Òótọ́ nìyẹn náà, àmọ́ kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù lójú mi ni Kọ́ríńtì Kejì orí 12. Pọ́ọ̀lù ní ẹ̀gún kan nínú ara, ó bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta pé kó mú un kúrò, èsì tó sì rí gbà ni "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ". Ẹ̀gún ò kúrò o! Ó yẹ ká dúró síbẹ̀ díẹ̀, torí lóde òní tí ẹnì kan bá jẹ́rìí pé Jésù tó fún òun, ohun tá a máa ń retí ni pé kó sọ owó tó wọlé, ìwé ìrìnnà tó jáde, àìsàn tó lọ. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú Gíríìkì níbẹ̀ ni "arkei", kò sì jìnnà rárá sí "tó" tiwa, ohun tí kò ku ibì kan. Crowther àtàwọn tí wọ́n jọ túmọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí odindi ẹ̀ jáde ní 1884, wọn ò wá ọ̀rọ̀ ńlá kankan síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n mú. (Crowther yìí kan náà dé Kétu yín ní 1853, kó o sọ fún àwọn ọmọ Sunday school rẹ.)

Lẹ́yìn ìyẹn, wá ka ìwé Kólósè. Ìlú kan ni Kólósè, ibi tó wà láyé ìgbà yẹn ti di ara orílẹ̀-èdè Tọ́kì lónìí, Pọ́ọ̀lù fúnra ẹ̀ ò tíì fojú kan àwọn ará ibẹ̀ nígbà tó kọ̀wé sí wọn, Epafírà ló gbé ìyìn rere dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn kan wá ń yọ́ sọ fún wọn pé Kírísítì dáa lóòótọ́, àmọ́ ó kù díẹ̀ káàtó, ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ̀ ń jẹ àtohun tẹ́ ẹ̀ ń mu, ẹ gbọ́dọ̀ pa oṣù tuntun àti ọjọ́ ìsinmi mọ́ báyìí báyìí, ẹ gbọ́dọ̀ máa sin àwọn áńgẹ́lì. Ìdáhùn Pọ́ọ̀lù ní orí kejì ni pé gbogbo ẹ̀kún Ọlọ́run ló ń gbé inú Kírísítì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì wà nínú ẹ̀, ẹ ti kún. Kò ní kí wọ́n má jẹun, kò ní kí wọ́n má ṣe ọdún, ohun tó sọ ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn dá wọn lẹ́jọ́, torí òjìji ni, ara gan-an wà lọ́dọ̀ Kírísítì.

Jẹ́ kí n fi ohun tí mo fojú mi rí ṣàlàyé ẹ̀. Gàrí ni màmá mi ń tà ní ọjà Ouando níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Kóńgò rẹ̀ ti ń fọ́ létí, ó fi wáyà dì í, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń bá a jà lórí ìwọ̀n. Á bu gàrí, á bù ú títí tó fi máa ga lórí bí òkè, èyí tó bá ń ṣàn á máa ṣàn bọ́ sórí àpò, á ní "ó tó", á dà á sínú ọ̀rá. Ìgbà yẹn ló máa tó wá fi ọwọ́ ọ̀tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Lọ́jọ́ kan oníbàárà kan ní "Ìyá, ẹ fún mi ní èènì kó lè tó." Màmá mi gbé ọwọ́ dúró lókè pẹ̀lú gàrí nínú ẹ̀, ó ní "Rárá o, ìyá mi. Tí kò bá tó kí n tó fi èènì sí i, olè ni mí. Ó ti tó. Èyí, ìfẹ́ ni mo fi fún ẹ." Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín, ó gba gàrí ẹ̀, ó lọ. Èmi ọmọ tí mo jókòó sídìí àpò, ọdún mélòó lẹ́yìn ìyẹn ni mo ka ibì kan nínú Jòhánù orí kìíní pé nínú ẹ̀kún rẹ̀ ni gbogbo wa ti gbà, àti oore-ọ̀fẹ́ kún oore-ọ̀fẹ́, ojú ẹsẹ̀ ni ọwọ́ màmá mi yẹn padà sí mi lójú.

Torí náà tẹ́nì kan bá bi mí bóyá àbẹ́là, sùtánà, omi ìyàsímímọ́, ààwẹ̀, orin, ìdàpọ̀ mímọ́ ń dí ibi tí Jésù kù sí, màá ní rárá, kò sí kóńgò tó fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tí kálukú gbà nínú ìjọ ẹ̀, inú ẹ̀kún yẹn ló ti wá, kì í ṣe ohun tá a fi ń dí ihò. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀ torí ó fẹ́ràn Olúwa, kò sí ìjà. Àmọ́ ẹni tó bá ń gbà á torí ó rò pé ikú Jésù ò ká ẹ̀ṣẹ̀ òun, onítọ̀hún ti ń sọ pé ìwọ̀n ò péye.

Kí ni ká wá sọ fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ jókòó sílé? Ọ̀rẹ́ mi, inú ìwé tí Pọ́ọ̀lù ti ní ẹ kún yẹn, "ẹ" tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yẹ àgbà, ẹ̀yin púpọ̀ ni. Odindi ìjọ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ní orí kan náà ló ti sọ pé láti ara orí ni gbogbo ara ti ń gba oúnjẹ nípa oríkèé àti iṣan, tó fi ń dàgbà. Oríkèé tó bá yọ lọ jókòó sílé, kí ló fẹ́ gbà? Òwe wa sì wà níbẹ̀, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Mo fẹ́ràn òwe yìí gan-an nítorí ọ̀rọ̀ pẹpẹ yẹn, pẹpẹ ilé ni òwe ń sọ, àmọ́ pẹpẹ náà la ń pe ibi ìrúbọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Níbi tó kan pẹpẹ Ọlọ́run, kò sí ọwọ́ ọmọdé kò sí ọwọ́ àgbà tó tó o. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló dé ibẹ̀, Hébérù orí 10 sì sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rú ẹbọ tiẹ̀. Àwa tó kù, a nílò ọwọ́ ara wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan ti wọlé nìyí o, ibẹ̀ ló sì ń dùn mí jù. "Tó" tá a fi ń yin Jésù náà la fi ń bú ara wa. "Ìjọ yín ò tó tiwa." "Ìrìbọmi yẹn ò tó." Nígbà tí ìyá ìyá mi kú, Mẹ́tọ́díìsì ni, àwọn ọmọ ẹ̀ wà ní Àgùdà, wọ́n wà ní Sẹ̀lẹ́, àbúrò ẹ̀ kan sì jẹ́ Mùsùlùmí, ilé Àjàṣẹ́ ṣáà ni, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe wà. A jókòó sábẹ́ igi nínú àgbàlá láti pín iṣẹ́ ìsìnkú, ni ẹnì kan tí wọ́n rán wá láti ìjọ kan bá ní ìrìbọmi tí màmá ṣe, ó kù díẹ̀ káàtó, kí àwọn tó lè dá sí i a gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan lé e lórí. Gbogbo àgbàlá dákẹ́. Àkọ́bí màmá, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ló gbórí sókè, ó ní "Ẹni tó kú fún màmá ńkọ́, ṣé òun náà kù díẹ̀ káàtó ni?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tó yá wọ́n pín àdúrà láàárín àwọn ìjọ náà, àbúrò màmá tó jẹ́ Mùsùlùmí yẹn ló sì ru àga jù lọ lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè àkọ́bí màmá yẹn, Pọ́ọ̀lù ti bi àwọn ará Kọ́ríńtì rí, nígbà tí wọ́n ń sọ pé ti Pọ́ọ̀lù lèmi, ti Àpólò lèmi, ti Kéfà lèmi. Ó ní ṣé a pín Kírísítì ni? Ṣé Pọ́ọ̀lù la kàn mọ́ àgbélébùú fún yín? Tí odindi Kírísítì bá wà lọ́dọ̀ rẹ tí odindi ẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ mi, kí lo fẹ́ fi ju mí lọ?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlá o, àwọn ìjọ ńlá ti jókòó lé e lórí. Ní 31 oṣù Ọ̀wàrà 1999, ní Augsburg ní Jámánì, Àgùdà àti Lùtérán fọwọ́ sí ìwé kan náà pé oore-ọ̀fẹ́ nìkan, nípa ìgbàgbọ́ nínú iṣẹ́ ìgbàlà Kírísítì, la fi rí ìtẹ́wọ́gbà Ọlọ́run, kì í ṣe nípa ẹ̀tọ́ kankan tiwa. Ní 2006 Ìgbìmọ̀ Mẹ́tọ́díìsì àgbáyé náà darapọ̀ mọ́ ọn ní Seoul. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló fa ìjà ńlá láàárín Àgùdà àti Lùtérán láyé Luther, tí àwọn Lùtérán ń jẹ́ orúkọ ẹ̀. Àwọn Sẹ̀lẹ́ ńkọ́? Ìdílé wa ni wọ́n. Àjàṣẹ́ níbí ni ìjọ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ní 29 oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1947, Samuel Bilewu Oshoffa tó dá a sílẹ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà, inú Mẹ́tọ́díìsì ló ti jáde, Ìmẹ̀kọ ni wọ́n sì sin ín sí, Ìmẹ̀kọ tó jẹ́ ilẹ̀ Kétu kí ààlà àwọn Òyìnbó tó gbé e sí apá Nàìjíríà. Orúkọ Kírísítì sì wà nínú orúkọ ìjọ náà gangan, Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run Wá.

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé gbogbo ẹ̀ ti tán. Ẹ máa gbàdúrà pọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, tó bá kan ìdàpọ̀ mímọ́ kálukú á padà sídìí pẹpẹ tiẹ̀, ó sì ń dùn mí nígbàkígbà tí mo bá rí i. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyàtọ̀ wa kì í ṣe ìyàtọ̀ ẹni tó ní Jésù púpọ̀ àtẹni tó ní díẹ̀. Ṣọ́ra sì fún àwọn tó ń ju "Jésù tó" bí òkúta, tí wọ́n fi ń lé ẹlòmíì kúrò nídìí àbẹ́là ẹ̀ tàbí tí wọ́n fi ń bọ́ sùtánà lára ẹ̀. Tó o bá tẹ́tí sí wọn dáadáa, "èmi tó" ni wọ́n ń sọ.

Ti aṣọ yẹn, má kọ "Jésù tó" nìkan, bàbá yẹn jàre. Kọ ọ́ báyìí: JÉSÙ KÍRÍSÍTÌ TÓ FÚN GBOGBO WA. "Gbogbo wa" yẹn ló máa jẹ́ kẹ́ni tó dúró lẹ́yìn mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Dúró ti ayàwòrán nígbà tó bá ń kọ ọ́, kó fi àmì orí TÓ sí i kó hàn, wọ́n máa ń fò ó, kó sì má lọ fi kókó sí i nísàlẹ̀. Tó bá gbẹ, ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó ta á.