Kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ kò gba vancomycin

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. Giramu 1 vancomycin, oògùn apakòkòrò, lo ń fún aláìsàn nínú dírípù, kò tíì tó ìdajì wákàtí tí ojú, ọrùn àti àyà rẹ̀ fi pọ́n, tí ara sì ń yún un. Ẹ ti dírípù, ẹ kọ ọ́ sára fáìlì pé ara rẹ̀ kò gba oògùn náà. O wá ń bèèrè bóyá ìwọ lo ṣe é léṣe. Ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ tèmi náà rí.

Lọ́dún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iṣẹ́ wọ̀ mí lọ́rùn lóru ọjọ́ kan, mo bá tú dírípù vancomycin sílẹ̀ kó lè tètè tán. Kò pẹ́ tí bàbá àgbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì fi pè mí pé ara òun ń gbóná bí ẹni tó jókòó ti iná. Mi ò rí pupa kankan lára wọn, awọ ara wọn dúdú dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni mo gbọ́ tí mo fi sáré. Mo ti dírípù, mo wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn, ó ti já wálẹ̀. Dókítà dé, a fún wọn ní oògùn tó ń rọ ara yíyún, a dúró tì wọ́n títí ara wọn fi balẹ̀. Lẹ́yìn náà dókítà ní ká tún bẹ̀rẹ̀ oògùn kan náà, ká fi wákàtí 2 fún un. Nǹkan kan ò ṣe wọ́n, wọ́n sì lo oògùn náà pé.

Bí vancomycin bá ya wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ara tú èròjà kan tí à ń pè ní histamine jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ló ń mú ara gbóná, tó ń mú un yún. Eré tí oògùn sá ló fà á. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kó má ju mílígíráàmù 10 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Giramu 1 á gba ìṣẹ́jú 100 nìyẹn. Bí ìwọ̀n oògùn bá tilẹ̀ kéré, má jẹ́ kó dín ní wákàtí 1.

Àlẹ́jì gidi tó ń pa èèyàn yàtọ̀ sí èyí, mo sì ti fojú ara mi rí i. Mo bi ọmọbìnrin kan pé, "Ṣé o ní àlẹ́jì?" Ó ní rárá. Mo fún un ní ampicillin, ọ̀kan lára ẹbí penicillin. Kí n tó palẹ̀ abẹ́rẹ́ mọ́, ètè rẹ̀ ti wú, ara rẹ̀ lé kókó-kókó, mímí ò rọrùn fún un mọ́. Adrenaline mílígíráàmù 0.5 tí a gún sí ẹran ìta itan rẹ̀ ló gbà á, a sì tún gún un lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní kápúsù kan wà tí òun lò ní kékeré tí gbogbo ojú òun wú. Kò purọ́ fún mi. Mi ò bi í ní ọ̀rọ̀ tó yé e ni.

Láti ọjọ́ náà, ohun tí mo ń bèèrè ni pé: oògùn wo lo lò rí tí ara rẹ yún, tí ojú rẹ wú, tàbí tí o ò lè mí dáadáa? Ó tó ìgbà wo lẹ́yìn tí o lò ó? Ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé penicillin ò bá òun lára mu, tó bá sì ṣàlàyé tán, inú ló kàn ṣí i. Ìyẹn kì í ṣe àlẹ́jì. Bí o bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, o ti gba oògùn tó dára lọ́wọ́ rẹ̀. Ti vancomycin tún burú jù, torí ó wà lára oògùn tí a gbójú lé nígbà tí kòkòrò àrùn staph bá ti borí àwọn yòókù.

Nítorí náà, padà sọ́dọ̀ dókítà lónìí. Sọ iye ìṣẹ́jú tí dírípù náà fi wọlé gan-an, má fi bò ó. Sọ bóyá ètè tàbí ahọ́n wú, bóyá mímí rẹ̀ yí padà, iye tí ìfúnpá jẹ́. Vancomycin náà lè fa àlẹ́jì gidi, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀, torí náà má dá ìpinnu ṣe. Bí dókítà bá gbà pé eré dírípù ló fà á, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú fáìlì bó ṣe rí, kí ẹ sì pa àkọlé àlẹ́jì náà rẹ́.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ tún un fún un, tí kò sí pọ́ǹpù dírípù, po giramu 1 náà sínú saline (omi iyọ̀ dírípù) mílílítà 250. Tí okùn dírípù rẹ bá jẹ́ ẹ̀kán 20 sí mílílítà 1, ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan á gbé e dé wákàtí 2. Fi aago kà á, má fojú díwọ̀n rẹ̀. Wo ohun tó wà nínú okùn náà tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú, kí o fi saline ṣan án. Oògùn apakòkòrò ceftriaxone àti omi dírípù Ringer's lactate, fún àpẹẹrẹ, kò gbọdọ̀ pàdé nínú okùn kan. Lẹ́yìn náà fa àga, jókòó tì í fún ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, kí o sì máa bi í bí ara ṣe rí.